Bí Iṣu Mẹ́sàn-án Òkété Ṣe Borí Ọgọ́rin

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi o: ó fò fẹ̀rẹ̀, ó já lu Òkété, ó já lu ikùn rẹ̀.

Iṣu tuntun jáde. Erin, ọba àwọn ẹranko, kéde pé ẹni tí iṣu rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ jẹ àsáró yó kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ìkòkò. Ẹfọ̀n gbé 80 wá. Òkété gbé 9 wá, gbogbo rẹ̀ rí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́.

Ṣùgbọ́n Òkété ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ìlú, èyí tó ń to orúkọ láti orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù. Dípò kó la àyè nọ́ńbà fún iye iṣu, àyè ọ̀rọ̀ ló là. Nọ́ńbà tó bá ti wọ àyè ọ̀rọ̀ kì í ṣe iye mọ́. Kọ̀ǹpútà á máa tò ó bíi ti ìwé atúmọ̀ èdè: àmì àkọ́kọ́ ni yóò fi ṣèdájọ́, 9 sì ju 8 tó ṣíwájú 80 lọ. Àyè ọ̀rọ̀ sì fẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà ń wọ́ bí ìgbín tó ru ẹrù ìyàwó.

“Ṣé ó ti kú ni?” Ẹfọ̀n bèèrè.

“Ó ń ronú ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí kì í ronú ò lè mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tó yá, orúkọ jáde: Òkété, 9, ló ṣíwájú. Ẹfọ̀n, 80, tẹ̀ lé e.

“Mẹ́sàn-án ju ọgọ́rin lọ kẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ mọ̀wé jù ú lọ?”

Erin, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. “Ó hàn kedere,” ló wí.

Òkété jẹ àsáró títí ikùn rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀.

Kò pẹ́, ebè oko àjọni bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Erin ní ẹni tó bà á jẹ́ jù ni yóò tún gbogbo oko kọ. Ọ̀bọ lọ kà á: Ẹfọ̀n tẹ ebè 800 fọ́, Òkété gbẹ́ ihò sínú 9; àyè ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Erin fúnra rẹ̀ fi ọwọ́jà tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n. Òkété ló tún ṣíwájú.

“Kábíyèsí, irọ́ ni! Àyè ọ̀rọ̀ ni mo là! Ẹ jẹ́ n yí i sí nọ́ńbà!”

Ẹfọ̀n rọra yíjú sí i. “Háà, àbúrò. Bó o ṣe jẹ àsáró wa nìyẹn?”

“Yí i,” ni Erin wí. “Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọ́ yìí, kó tó yí tán, ilẹ̀ á ti gbẹ. Máa kọbè lọ ná.”

Ọkọ́ tí wọ́n gbé fún un ga jù ú lọ, kò sì ní bọ́tìnnì.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò le: ohun tó bá jẹ́ iye, ẹ jẹ́ kó jẹ́ iye. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á bá a.