Lájídé Fò Kọjá Odò

"Ẹni tó já bọ́ láti òkè, ó ti dé òkè rí." Tọmọdé tàgbà Òkè-Ọsán ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Inú ìbínú obìnrin kan ló ti jáde.

Dọ́káàsì aránṣọ ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí tíṣà kan nílùú náà, Adéṣọlá, ya fíìmù kàtúùnù kékeré kan nípa bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ fífò, láti orí àwọn tó so ìyẹ́ mọ́ apá títí dé orí bàálù. Ó pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn wá wò ó. Ẹ̀rín ń pa wọ́n. Àfi bí Dọ́káàsì ṣe rí bàbá tirẹ̀ nínú fíìmù: Lájídé káfíńtà, tó fi ọparun àti aṣọ ṣe apá, tó sì bẹ́ láti orí àpáta. Orí adìyẹ ni wọ́n yà fún un. Ó ń ké bí àgbébọ̀, ó sì já sáàárín ebè iṣu nísàlẹ̀ àpáta.

Inú bí Dọ́káàsì gidigidi. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín yìí, lójú odò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà níbi òkú bàbá rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ó dúró gbagidi níbi tí àwòrán ti ń hàn.

"Tíṣà, pa á."

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwàdà lásán ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìdí àpáta ló já sí?"

"Bí gbogbo ìlú ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, Màmá."

"Èmi ni mo bá a rán aṣọ apá náà. Èmi náà ni mo sáré lọ gbé e. Odò Àṣìn tó wà níwájú àpáta ni mo là kọjá, omi mù mí dé àyà, kí n tó bá a ní òdìkejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ṣé ó wẹ odò ni? Ó fò ó ni." Ó wo gbogbo wọn yíká. "Ẹni tó já bọ́ láti òkè, ó ti dé òkè rí. Ta ni nínú yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ rí?"

Adéṣọlá pa fíìmù náà. Oṣù mẹ́ta ló fi tún un yà. Ó dá orí Lájídé padà fún un, ó sì fi odò sí i. Àwọn èèyàn ṣì rẹ́rìn-ín nígbà tó já, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ré odò kọjá, gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Dọ́káàsì kò lọ wò ó. Ó ní ojú òun ti rí i.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá dáwọ́ lé ohun ńlá tí kò yọrí, tí àwọn tí kò dán nǹkan kan wò rí wá ń fi í ṣẹ̀sín, àwọn àgbà Òkè-Ọsán á ní kí wọ́n panu mọ́: ẹni tó já bọ́ láti òkè, ó ti dé òkè rí.