Ìkòkò Kékeré Bàbá

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré béèrè ọ̀rọ̀ kan nídìí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ náà wo abọ́ bàbá rẹ̀, ó wo ti àwọn yòókù, ó ní: “Màmá mi, kí ni Bàbá ṣe tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀?”

Ó rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Bàbá náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tó ń rẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí iyọ̀ dínkù gidigidi nínú oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn inú páálí, nítorí ìṣubú kejì lè má ní ìdìde. Ìyàwó yìí fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló ra ìkòkò kékeré kan. Ó ń se ti ọkọ sínú rẹ̀, ó sì ń se ti àwọn yòókù sínú ìkòkò ńlá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ó parí.

Ṣùgbọ́n òórùn ìkòkò ńlá kò jẹ́ kí ti kékeré wọ ọkùnrin náà lọ́nà ọ̀fun. Bí ilé bá ti sùn, a máa rọra dìde lọ sí ilé ìdáná lọ jẹ nínú ìkòkò ńlá. Ìyàwó rẹ̀ a máa gbọ́ bí ọmọrí ìkòkò ṣe ń dún. Ojú ń tì í láti bá a wí bí ọmọdé, ẹ̀rù sì ń bà á láti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí oorun sùn.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ló là á lójú. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò kan ṣoṣo ló gbé kaná. Ó fi irú, ata, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Iyọ̀ tó fi sí i kò ju ohun tí ìka méjì lè mú.

Olújìmí, àkọ́bí wọn, tọ́ ọ wò, ó ní àfi bí ẹni pé òjò rọ̀ sínú ọbẹ̀. Ìyá ọkọ, tó ń bá wọn gbé, rẹ́rìn-ín. “Ọbẹ̀ tí mo fi tọ́ bàbá rẹ nìyẹn. Irú tí ẹ lé jáde nílé yìí ló padà dé.” Ọmọkùnrin náà fajú ro, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì pẹ́ tó tún na abọ́ síwájú.

Ọkùnrin náà ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́, ó gbé ìkòkò kékeré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu omi sí i fún àwọn adìyẹ. Ó wá padà wọlé, ó ní: “Ìyá Olújìmí, o ṣeun. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá yín jẹun.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yìí dùbúlẹ̀, ó ń dẹtí sí ilé ìdáná. Ohun tó wà nínú ìkòkò kò yàtọ̀ sí èyí tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọrí kò dún. Ìhanrun ọkọ rẹ̀ ló gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó pa fìtílà, òun náà sùn lọ.

Ìwọ ńkọ́, tí wọ́n ka iyọ̀ léèwọ̀ fún ẹnìkan nílé rẹ? Má ra ìkòkò kékeré. Oúnjẹ tó gba aláìsàn là kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Bu iyọ̀ gbogbo yín kù, ẹ jọ jẹ ẹ́, kí ìwọ náà lè rí oorun sùn.