Ẹni Mẹ́ta tí Lájídé Ń Bá Jà

Ní ìlú Ìdí-Ọsàn, bí ènìyàn bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ìṣòro kan di púpọ̀, àwọn àgbà á mi orí, wọ́n á ní: "Ẹnìkan ló dúró níwájú Lájídé, ẹni mẹ́ta ló ń bá jà." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé ogun ni, tàbí pé olè ló ká ọkùnrin náà mọ́. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe olè. Bọ́ọ̀lù orí tábìlì ni, bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìẹ.

Káfíńtà ni Lájídé. Òun fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì tí wọ́n fi ń gbá tẹ́nìsì ní gbọ̀ngàn ìlú, odindi ọdún mẹ́fà ni kò sì sí ẹni tó lè nà án nídìí rẹ̀. Ní ọdún keje, wọ́n kéde pé ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú ìlú ní Ìbàdàn, níbi tí ará Ìdí-Ọsàn kankan kò tíì gbá dé rí. Láti kékeré ni Lájídé ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kù tí yóò bá a gbá ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu.

Ẹni tó bá jẹ abala mẹ́ta ló borí, àmì mọ́kànlá ló sì ń parí abala kan. Lájídé jẹ méjì àkọ́kọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ní ẹ̀kẹta, ó ti ní àmì mẹ́jọ, ìyá ní mẹ́rin, nígbà tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ha etí tábìlì, èyí tó yẹ kó jẹ́ àmì fún un. Adájọ́ kò rí i; ó ní ìta ló bọ́ sí. Lájídé ṣàlàyé títí, adájọ́ kò yí ohùn padà.

Àmì kan péré ni. Òun náà ló ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù, ojú adájọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò. Ó pàdánù abala náà. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, ó kọjú ìjà sí ara rẹ̀. Bó bá ṣìṣe, á fi pátákó tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù lu itan ara rẹ̀, á pe ọwọ́ rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀lẹ, á máa ro ẹjọ́ àṣìṣe kan títí òmíràn yóò fi dé. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà ń ṣìṣe. Bó bá ṣe é, á nu ọwọ́ mọ́ ìró, á ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù. Òun ló jẹ ẹ̀kẹrin.

Wúràọlá, ìyàwó Lájídé, gbé omi wá fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

"Bàbá Dúró," ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "ẹnìkan ló dúró níwájú yín. Ẹ ń bá adájọ́ jà, ẹ ń bá ara yín jà. Ta ni yóò wá bá yín gbá ti ìyá yìí?"

Lájídé bi í bóyá ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá òun jà. Wúràọlá gbé ife rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Abala karùn-ún le. Wọ́n gbá a débi tí Lájídé ní mẹ́wàá, ìyá ní mẹ́sàn-án. Àmì kan ṣoṣo ló kù kó dé Ìbàdàn. Ó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù sí igun tábìlì, bọ́ọ̀lù tó dára gan-an, ó sì yíjú sí adájọ́ lójú ẹsẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò tún rẹ́ òun jẹ. Adájọ́ kò rí ohun tí yóò sọ, nítorí ìyá ti na ọwọ́, ó ti gbé bọ́ọ̀lù náà padà wẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lájídé, ojú rẹ̀ ṣì wà lára adájọ́. Wọ́n di ọgbọọgba, ó wá di pé ẹni tó bá fi àmì méjì ṣíwájú ló borí. Nínú ìbínú, Lájídé gbá èyí tó tẹ̀ lé e sínú àwọ̀n, ó gbá ìkejì lu ògiri. Ó parí.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń fi aṣọ di orúnkún, ó bi í pé ọgbọ́n wo ni wọ́n dá. Ìyá wò ó bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Ọgbọ́n wo? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, jàre. Èmi kàn ń bá ẹnìkan ṣoṣo gbá ni."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló lọ sí Ìbàdàn. Àwọn tó jókòó nítòsí nígbà tí Wúràọlá gbé omi wá ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọjà àti oko. Títí dòní, bí ènìyàn bá ń wá ọ̀tá kún ọ̀tá, ará Ìdí-Ọsàn kì í bá a jiyàn púpọ̀: ẹnìkan ló dúró níwájú Lájídé, ẹni mẹ́ta ló ń bá jà.