Bí Olú Ṣe Fi Ewé Rẹ̀ Sílẹ̀ Nítorí Àràbà

Nígbà láéláé, nígbà tí igi tó bá wó kì í jẹrà, Olú ní ewé. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀, ó sì máa ń tẹ́ wọn síta láràárọ̀ kí oòrùn lè rí wọn. Ìdí Àràbà ló ń gbé. Àràbà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó bá ń lọ sórí rẹ̀ á kọ́kọ́ sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ òun àti Olú wọ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ kan, Àràbà ní, "Ọ̀rẹ́ mi kékeré, bí o bá kú, èmi ni n ó sin ọ́. Ewé kan ṣoṣo ni n ó jù sílẹ̀, yóò bò ọ́ tán."

"Ẹ ṣé o, Ìyá Àràbà," ni Olú dáhùn. "Bí ẹ̀yin náà bá kú, ọwọ́ ara mi ni n ó fi sin yín."

Gbogbo igbó bú sẹ́rìn-ín. Àràbà rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ fi fò kúrò lórí rẹ̀. Olú náà rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò rò pé Àràbà lè ṣáájú òun kú?

Nígbà tó yá, ìjì ńlá jà. Àràbà wó lulẹ̀, gbìì!

Orí àwọn igi tó ti wó tipẹ́ ló wó lé. Òkú igi ti kún inú igbó bámúbámú, ilẹ̀ kò hàn síta mọ́. Irúgbìn kan ṣoṣo ló kù nínú òwú Àràbà. Ó jókòó sórí èèpo igi gbígbẹ, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n Olú, níbo ni n ó ta gbòǹgbò sí? Bí n kò bá rí ilẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó dá, gbígbẹ ni n ó gbẹ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ gìjà sórí òkú igi náà. "Olú, ìwọ lo lòkú o! Ọkọ́ rẹ dà? Àbí kí n yá ọ ní tèmi?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́, fi mí sílẹ̀. Mo ti ṣèlérí."

"Ìlérí! Gbogbo ara rẹ kò tó ìka ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Olú dojú kọ Ilẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì."

Ilẹ̀ ní, "Ó le jù fún mi. Ẹni tí yóò mú un rọ̀ ní láti wọ inú rẹ̀ lọ, kó máa gbé inú òkùnkùn. Ewé kì í gbé inú òkùnkùn, ọmọ mi."

Olú wo ewé rẹ̀. Ó wo oòrùn. Irúgbìn ṣì ń sunkún. Olú bá já ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sára Àràbà, bí ọmọ ṣe ń fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ tó kú. Ó sọ ara rẹ̀ di fọ́nrán funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, ó sì wọ inú igi náà.

Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá jẹ, á di ilẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá dé nínú ara ọ̀rẹ́ rẹ̀, á rántí ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe, á tún rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ igbe lókè: "Ẹ̀gbọ́n Olú! Mo ti ta gbòǹgbò! Ẹ wá wò mí!"

Olú fẹ́ sáré jáde. Ilẹ̀ ní, "Dúró! Òjò ń rọ̀, o kò sì ní ewé lórí. Gba akẹtẹ̀ yìí."

Olú dé akẹtẹ̀, ó yọ síta wéré. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i, ẹ̀rín sì gbé e ṣubú lórí ẹ̀ka. "Ẹ wá wo olókùú tó dé akẹtẹ̀ láti inú ilẹ̀!"

Ijó ni Olú ń jó yí ọmọ Àràbà ká. Bó ti ń jó ni eruku kíkúnná ń fò lábẹ́ akẹtẹ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Gbogbo òkú igi tí eruku náà bà lé ni Olú mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Olú kò ti ní ewé mọ́, tó jẹ́ pé ara igi tó ti kú ni a ti ń bá a. Bí òjò bá rọ̀, á dé akẹtẹ̀ rẹ̀, á jáde wá kí àwọn ọmọ igi. Kì í pẹ́ níta. Irúgbìn kan ń retí ilẹ̀ níbòmíràn.