Àmì Kan Lórí Orin Ìbídùn

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nínú ilé ìlagi Bàbá Láyínká ní Òkè-Ìràwé, níbi tí èrò kún débi pé àwọn kan gun orí pákó, àwọn kan sì rọ̀ mọ́ òpó. Ìbídùn ni ọmọbìnrin náà. Òun ló ń kọrin fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Òkúta Wẹ́wẹ́. Ó gbé gìtá kọ́ ọrùn, ìyẹ̀fun pákó bà lé irun rẹ̀ bí àtíkè ara ọmọ tuntun, bó sì ṣe gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sínú ojú Ọdẹ́túndé. Kí ni kí n fi wé? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tan iná sí yàrá tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Ọkàn ọmọkùnrin náà fò, ó balẹ̀, ó tún fò, bírò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́túndé. Bàbá bàbá rẹ̀ dẹ ẹfọ̀n, bàbá rẹ̀ dẹ ọ̀yà, ṣùgbọ́n òun, orin ló ń dẹ. Ibi tí ẹgbẹ́ olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá ti ń ta gìtá, ìbáà ṣe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà, ìbáà ṣe kíláàsì tí atẹ́gùn ti ṣí òrùlé rẹ̀, yóò wá wọn kàn, yóò sì kọ nípa wọn sínú ìwé pelebe olójú-ewé mẹ́rin tó ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, tó pè ní Etí Ọdẹ. Àwọn olórin wọ̀nyí kò ní ilé-iṣẹ́ awo-orin tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn, rédíò kò sì dá wọn mọ̀. Bí Ọdẹ́túndé bá kọ nípa wọn, gbogbo ìlú a gbọ́. Bí kò bá kọ, a dà bí ẹni pé wọn kò kọrin rárá.

Lọ́jọ́ náà, gbólóhùn tí Ìbídùn fi parí orin rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Gìtá ń ké, ìlù ń rọ̀ bí òjò lórí páànù, orin náà sì ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ó ń gbé e sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Kí Ọdẹ́túndé lọ bá a lẹ́yìn eré, kó bi í pé kí ló sọ, ojú ń tì í. Ó gbé ìfẹ́ lọ sílé láyà, ó sì kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbé e: Ìyá mi, máa lọ. Ó rò pé òun ń yìn ín ni. Ó kọ ọ́ pé akíkanjú ọmọbìnrin lèyí, tó lé ìyá tó bí i lọ lójú gbogbo ayé, tí kò sì mikàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù, ó fín lọ́fínńdà, ó padà sí ilé ìlagi. Kò bá olórin kankan níbẹ̀.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Àwọn Òkúta Wẹ́wẹ́ ńkọ́?”

Bàbá Láyínká kò gbójú kúrò lára pákó tó ń wọ̀n. “Ṣé ìwọ ni Etí Ọdẹ?”

“Èmi ni, sà.”

“Etí náà dí. Ìyà lọmọ yẹn kọ, ìwọ kọ ìyá. Ìyà mi, máa lọ. Ìyà tó ti ń jẹ òun àti màmá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ka ìwé rẹ sí i létí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kọjú sí ògiri, kò sì dá ọmọ rẹ̀ lóhùn mọ́. Ni Ìbídùn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kó gìtá wọn, wọ́n wọ Igbó Gbohùngbohùn lọ. Ó ní àwọn iwin kì í ka ìwé ìròyìn.”

Àmì kan péré. Ìlà kékeré tó yẹ kó dà sísàlẹ̀, tí Ọdẹ́túndé dà sókè. Òórùn lọ́fínńdà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára. Kò padà sílé mú nǹkan kan. Ó kọrí sí igbó náà ní ọ̀sán gangan.

Igi inú Igbó Gbohùngbohùn kì í dákẹ́. Ohun tí o bá sọ ni wọn yóò sọ padà, ṣùgbọ́n wọn a yí i sí ọ. Nígbà tí Ọdẹ́túndé mí kanlẹ̀, tó ní, “Mo ti ṣẹ̀,” àwọn ìrókò dáhùn pé, “O ti ṣẹ̀,” àwọn àràbà gbà á lẹ́nu wọn pé, “O ti ṣẹ̀,” títí dé orí ewéko tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń rìn, ó ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níwájú, ó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn, títí ó fi kan iwin kan tó jókòó dí ọ̀nà. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, okùn gìtá mẹ́fà ni wọ́n sì na sí egungun ìhà rẹ̀.

“Ọmọ ènìyàn,” ni iwin náà wí, “mo gbọ́ pé o mọ̀wé. Mo ra igba. Kí ni mo rà?” Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lọ sókè, kò wálẹ̀.

Ọdẹ́túndé kò ronú. “Igbá ni, sà. Èyí tí wọ́n fi ń bu omi.”

“Irọ́. Igbà ni, èyí tí mo fi ń gun ọ̀pẹ.” Ìtàkùn yọ nílẹ̀, ó wé ọmọkùnrin náà dé orúnkún. “Mo tún ra ọkọ.”

“Ọkọ́, sà. Tí wọ́n fi ń roko.”

“Ọkọ̀ ni. Ṣé o rò pé ẹsẹ̀ kì í dun iwin?” Ìtàkùn gùn ún dé àyà. “Ó ku ẹyọ kan. Bí o bá ṣì í, ẹnu rẹ ni yóò dí. Mo pàdé iya lọ́nà.”

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n Ọdẹ́túndé. Ó gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, sà, mi ò mọ̀. Kí lẹ sọ?”

Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dún fúnra wọn, ìtàkùn sì tú. Iwin náà dìde. “Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbí, gbogbo ẹni tó bá dé ló ń sọ ohun tí mo sọ fún mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Kọjá.”

“Kí wá lẹ pàdé, sà?”

“Ìyẹn ò kàn ọ́. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbọ́.”

Ní ojúde kan láàárín igbó, Òkúta Wẹ́wẹ́ ń ṣeré, àwọn iwin ń fò sókè, àwọn tí kò lórí ń mi èjìká. Ìbídùn rí i, ó fọwọ́ dí okùn gìtá.

“O wá kọ mí síwèé lẹ́ẹ̀kan sí i ni?”

Ọdẹ́túndé dọ̀bálẹ̀. “Mo wá tọrọ àforíjì ni. Mo ṣì yín gbọ́. Ojú yín ni mo ń wò lọ́jọ́ náà…”

“Ojú mi lo fi ń gbọ́rọ̀?” Àwọn iwin rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. “Mo ti ṣàlàyé fún màmá mi títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní ìwé ò lè purọ́, èmi ni mò ń dá ọgbọ́n. Àfi kí ẹni tó kọ ọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣì í.” Ó yọ lẹ́tà kan nínú àpò gìtá rẹ̀. “Mo kọ èyí sí màmá mi, kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, àwọn igi yóò sọ fún mi, n óò sì wá sílé. Bí wọn kò bá gbà á, ibí nilé mi.”

Bí Ọdẹ́túndé ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé màmá Ìbídùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. N kò ní tàn yín, ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ti lẹ́tà náà sábẹ́ ilẹ̀kùn kó sì sá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn sórí ìwé, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́ láti béèrè. Bí ẹ bá sì ti ṣì í, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ọdẹ́túndé fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó wọlé.

Obìnrin náà dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n kọ sí i. “Ta nìyẹn?”

“Ọdẹ́túndé ni, mà. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn.” Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. “Ọmọ yín kò lé yín, mà. Ìyà ló ń lé. Èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa, mi ò sì béèrè. Ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́.”

“Tún un wí,” ni obìnrin náà wí.

Ó tún un wí. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara wọn dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n yíjú kúrò lára ògiri, wọ́n wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí wọn. Wọ́n gbà á.