Ìjàpá àti Igi Ìyeyè tí Ìjì Wó sí Àgbàlá Ìgbín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ró gbìì, ó ró gbàà. Kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ìgbín ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ti tú òkìtì ewé wò lẹ́yìn òjò rí, ó ti fẹ́ mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ sún mọ́ mi, kí àwọn kéékèèké jókòó níwájú.

Igi ìyeyè Ìgbín wó. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìjì náà jà, ó ṣí koríko òrùlé, ó da ẹ̀ka káàkiri, ó wá gbé ìyeyè ẹ̀yìn ilé lulẹ̀ sí àgbàlá. Ibi tó wó sí gan-an ni wàhálà. Ẹ̀bá ògiri níbẹ̀ ni Ìgbín ri ẹyin rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, ọjọ́ náà gan-an ló sì yẹ kí àwọn ọmọ jáde. Bí oòrùn bá wọ̀ tí igi ṣì wà lórí wọn, abẹ́ ilẹ̀ ni wọn yóò kú sí.

Ìgbín ò lọ́wọ́, kò ní àdá. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, ó ń kọrin sí ilẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ ilẹ̀,
— Ẹ rọra.
Igi wó dí yín lọ́nà,
— Ẹ rọra.
Oòrùn kò tíì wọ̀ o,
— Ẹ rọra.
Ìyá yín kò lọ síbì kan,
— Ẹ rọra.

Ìjàpá ń kọjá lọ, ó gbọ́ orin, ó yà wọlé. Ó wo igi náà láti ìdí dé orí. Ìyeyè pọ́n lórí rẹ̀ jìngbìnnì.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú ewu ìjì."

"Ewu kò tíì tán, Ìjàpá. Àwọn ọmọ mi wà nísàlẹ̀."

"Nítorí igi yìí nìkan? Kí oòrùn tó wọ̀, n óò ti kó o kúrò. Ohun tí mo bá kó jáde ni kí ẹ jẹ́ kó di tèmi. N kò bèèrè nǹkan mìíràn."

Ìgbín wò ó títí. "Kó gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Kí wọ́n ṣáà jáde."

Iṣẹ́ wá délẹ̀, Ìjàpá kò sì fẹ́ ṣe é. Ó rò ó. Bí ó bá bẹ àwọn ẹranko lọ́wẹ̀, yóò fún wọn lóúnjẹ, nítorí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ará ọ̀wẹ̀. Ìyeyè ni wọn yóò sì jẹ. Ṣùgbọ́n àáró ò la oúnjẹ lọ: lónìí a ṣe tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ, ó parí. Tó bá sì di ọ̀la, òun á wọlé, òun á ti ilẹ̀kùn. Ta ni yóò rí òun?

Ó lọ bá Ẹfọ̀n àti Òkété.

"Ẹfọ̀n, baba, iṣẹ́ kan já lù mí nílé Ìyá Ìgbín."

"Ọ̀wẹ̀ ni tàbí àáró?"

"Àáró ni, baba. Tèmi lónìí, tiyín lọ́la, ti Òkété lọ́tùnla."

Òkété wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. "Ìwọ Ìjàpá, ṣé o óò wá lọ́tùnla?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?"

"Ṣé kí n máa kà á?"

"Má kà á. Oòrùn ń lọ."

Wọ́n dé ibẹ̀. Ẹfọ̀n fi ìwo kọ́ ìdí igi, ó fẹ́ wọ́ ọ. Òkété dá a dúró.

"Ẹ má wọ́ ọ, baba. Á yí lu ẹyin. Ẹ̀ka là ń kọ́kọ́ gé. Tí ẹ̀ka bá tán, igi á fúyẹ́, ẹ ó kàn gbé e sókè ni."

"Ẹ wọ́ ọ jàre," ni Ìjàpá wí láti orí igi, ìyeyè kún ẹnu rẹ̀.

"Kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná," ni Òkété dáhùn, "ara ohun tó wúwo ni ìwọ náà."

Òkété ń fi eyín gé ẹ̀ka, Ẹfọ̀n ń kó o. Ẹfọ̀n yìí, tí ilẹ̀ máa ń mì lábẹ́ rẹ̀, ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Ó kàn dúró díẹ̀, ó wo èso.

"Ìyeyè yìí mà dára o."

Ìjàpá tètè dá a lóhùn. "Baba, àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ohun tó bá jáde nínú àgbàlá yìí, tèmi ni. Ẹ má mú ẹyọ kan. Iwájú ilé mi ni kí ẹ kó o lọ."

"Gbogbo rẹ̀?" ni Òkété bi í.

"Gbogbo rẹ̀."

"Àti koríko òrùlé tó rin gbingbin yìí?"

"Ṣé etí rẹ di ni? Mo ní gbogbo rẹ̀."

Òkété wo Ẹfọ̀n, Ẹfọ̀n wo Òkété. "Ẹni tó ni àáró ti sọ̀rọ̀," ni Ẹfọ̀n wí.

Ìjàpá jẹun yó, ó sùn sí ìbòòji ògiri. Nígbà tó jí, àgbàlá ti mọ́ tónítóní, ìtì igi nìkan ló kù. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ẹfọ̀n gbé ìtì náà sókè, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Òkété fi orí ìka tú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kan yọ, kò ju hóró àgbàdo lọ, ó gbé ilé tirẹ̀ lẹ́yìn. Òmíràn yọ. Wọ́n ń yọ bọ̀. Ìgbín ń na ìwo rẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹfọ̀n ò mí, kí èémí rẹ̀ má baà gbá wọn lọ.

Ìjàpá wò wọ́n. Ó bá ọ̀nà ilé lọ.

Nígbà tó délé, kò rí ilé. Òkìtì ẹ̀ka, koríko àti ẹrẹ̀ ló rí, ó ga ju òrùlé lọ. Kò pẹ́ ni Ẹfọ̀n dé, ó gbé ìtì igi lé e lórí, gbìì. Ohùn Yánníbo jáde látinú ilé.

"Baálé mi, ṣé ìwọ lo ní kí igbó wá kí wa?"

"Yánníbo, ìyeyè dà?"

"Omi kan ń ṣàn wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń rùn bí ìyeyè."

Ihò ẹ̀yìn ilé ni Yánníbo gbà jáde. Ìjàpá bẹ Ẹfọ̀n kó bá òun kó o kúrò. Ẹfọ̀n ní, "Àáró tìrẹ ti lọ. Tèmi ló kàn." Ìjàpá ò rí ilé sá wọ̀, ilẹ̀kùn ti dí. Bó ṣe ṣe iṣẹ́ ti Ẹfọ̀n lọ́jọ́ kejì nìyẹn, ó ṣe ti Òkété lọ́jọ́ kẹta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ìgbín dé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń bọ̀.

"Ìjàpá, mo wá dúpẹ́."

Ìjàpá wolẹ̀. "Ìyá, ẹ má dúpẹ́. Ìyeyè ni mo wá jẹ."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí o ti wọlé, ojú rẹ ò kúrò lórí igi. Ṣùgbọ́n wò wọ́n."

Àwọn ọmọ ti gun òkìtì náà, wọ́n ń jẹ ewé tó ti ń jẹrà.

"Pàǹtí yìí, ṣé o ṣì ń fẹ́ ẹ?"

Ìjàpá, tí kì í fún èèyàn ní nǹkan, wo àwọn ọmọ náà títí. "Tiwọn ni," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà ẹ dúró tì wọ́n. Ibí tutù."

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ìgbálẹ̀ tú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú àlejò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn òjò, abẹ́ ewé jíjẹrà la ti ń rí ìgbín. Nígbà mìíràn a máa ń bá ahun níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í bá ara wọn jà.