Ẹtù àti Òkúta Funfun Inú Odò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rọra rìn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ó bá Ẹtù aláró níbẹ̀.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má tíì sùn o. Mo nílò ẹni tó máa bá mi gbe orin.

Nígbà kan, àwọn ẹranko àti ẹyẹ tẹ ìlú ńlá kan dó. Ilé fara kan ilé, òrùlé fara kan òrùlé. Bí ẹnìkan bá sín, ará ilé kejì á kí i pẹ̀lẹ́. Odò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń mu. Odò náà tutù, ó dákẹ́, ìkùukùu sì máa ń bò ó láàárọ̀ bí aṣọ ìbora. Òkúta funfun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá ṣòfin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi ìdọ̀tí sódò. Kòtò tó wà lẹ́yìn ìlú ni kí wọ́n gbé e lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Àkèré, olùṣọ́ odò, á bẹjú wo omi. Bó bá rí òkúta funfun, omi mọ́ nìyẹn, á kọrin. Àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ mu, àgbà á wá pọn. Bí kò bá rí i, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan omi. Orin ọ̀hún rèé, ẹ gbè é:

Mo bẹjú wodò,
*Gaara o, gaara.*
Òkúta ń wò mí nísàlẹ̀,
*Gaara o, gaara.*
Ọmọ ìyá mi, ẹ wá mu ún,
*Gaara o, gaara.*

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn.

Láyé ìgbà yẹn, funfun báláú ni ìyẹ́ Ẹtù. Ó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, torí ibi tí ẹ̀kọ bá kàn kì í gba aró. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ká má purọ́. Ọmọ kan péré ló bí, Àwẹ̀ró. Ìrìn àtigbé omi aró tó ti lò lọ sí kòtò nìkan ni Ẹtù kórìíra.

Ọdún ń bọ̀, aṣọ oníbàárà kún ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú ń tòògbé. Àkèré pàápàá dijú lórí ewé òṣíbàtà. Ẹtù gbé ìkòkò aró dé etí odò.

"Odò tó tóbi tó báyìí," ó ní, "kí ni ìkòkò kan fẹ́ fi í ṣe?"

Ó dà á. Àwọ̀ aró rọra ń tàn kálẹ̀ nínú omi, bí ìgbà tí ojú ọ̀run ń ṣú. Ó lẹ́wà! Ẹtù dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń lálàá. Ó gbé ìkòkò mìíràn wá. Ó tún gbé òmíràn. Ìgbà tó fi máa bẹjú wò ó, òkúta funfun ti pòórá.

Àṣírí fẹ́ tú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó wá òkúta funfun mìíràn, ó fi òwú dúdú so ó mọ́ ẹ̀ka igi tó tẹ̀ sórí omi, ó jẹ́ kó rì díẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á búra pé ìsàlẹ̀ odò ló wà.

Àbí ẹ ò rí ọlọ́gbọ́n!

Ó délé. "Àwẹ̀ró, tinú ìkòkò ilé ni kó o mu lónìí o."

"Kí ló dé, ìyá mi?"

"Ṣé èmi àti ìwọ máa jọ rojọ́ ni? Mu tinú ìkòkò!"

Ó padà sídìí aṣọ. Bó ṣe ń kánjú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ láfún ń ta sí i lára, tó, tó, tó.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Àkèré bẹjú wodò, ó rí funfun, ó bọ́ sórin. Ẹtù gbọ́ ọ nílé, òun náà ń gbè é lábẹ́ ohùn. Ó bojú wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró ò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà kì í ṣe olórí kunkun. Orin yẹn ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ ẹ́ lẹ́kún látìgbà tó ti jáde nínú ẹyin. Bí Àkèré bá ti kọrin, omi mọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹtù sáré lọ, orin Àkèré sì ń lọ lọ́wọ́:

Mo bẹjú wodò,
*Gaara o...*

Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ̀yin elégbè! Omi ti bà jẹ́, ẹ ṣì ń pariwo gaara!

Ẹtù ń ké bọ̀, "Àwẹ̀ró, má mu ún! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má mu ún! Èmi ni mo bà á jẹ́!"

Àwẹ̀ró ló ṣáájú gbogbo wọn. Ó ti ki ojú bọ omi, ó ti mu ún, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú sódò. Ẹtù bẹ́ sínú omi tòun tìyẹ́, ó wọ́ ọ jáde. Ọmọ bì, ó tún bì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sín, ó bú sẹ́kún. Inú Ẹtù dùn sí ẹkún yẹn débi pé òun náà ń sunkún.

Ìgbà yẹn ni ará ìlú wá wo Ẹtù. Aró ti mú gbogbo ara rẹ̀, àfi ibi tí ẹ̀kọ ta sí. Ó fọ ojú Àwẹ̀ró títí ìyẹ́ ibẹ̀ fi bọ́, àwọ̀ aró kò lọ. Àkèré fa òwú, òkúta èké jáde, ó ń mì dirodiro.

"Ojú tèmi nìkan ò tó," Àkèré wí. "Ìwọ náà á máa bá mi ṣọ́ ọ."

Òun ló fà á tí ìyẹ́ ẹtù fi dúdú tó sì ní tótòtó funfun, tí ojú rẹ̀ fi pá tó sì ní àwọ̀ aró. Òun náà ló fà á tó fi ń ké tantan bí ohunkóhun bá mira. Ẹ má bínú sí i. Ọmọ rẹ̀ ló ń pè.

Ibi tí àlọ́ mi ti gúnlẹ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ òkúta èké tí mo so lókùn ni mo fi hàn yín, kí ohùn mi wọlẹ̀. Ẹ gbọ́? Ó ṣì ń dún.

Ó yá, ẹ lọ bo ìkòkò omi yín kẹ́ ẹ tó sùn.